Lẹ́tà Méjì Tí Mo Fi Kún Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Òórùn aṣọ ìbùsùn tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán kò tíì kúrò ní imú mi. Bí mo bá kọjá níwájú ilé ìfọṣọ lónìí, tí atẹ́gùn gbígbóná sì fẹ́ lù mí lójú, àwọn ọdún wọ̀nyẹn a tún dìde níwájú mi: mo tún di ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní òpópónà Nathan Way ní Lọ́ńdọ̀n ní òwúrọ̀, tí ń tẹ̀lé ọ̀wọ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n fi fìlà bo etí nítorí òtútù, tí ń wọ inú ilé ńlá kan tí kò ní fèrèsé, níbi tí a ti ń fọ aṣọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Mo ti fi ọdún mọ́kànlá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé kí n tó dé Lọ́ńdọ̀n. Ní Lọ́ńdọ̀n, aṣọ ìbùsùn ni mo ń ká. N kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè káàánú mi, nítorí iṣẹ́ kì í ṣe ìtìjú. Mo sọ ọ́ kí ẹni tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí lè mọ irú ìgbéraga tí mo gbé wọ ibẹ̀. Ìgbéraga náà wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ ròyìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọ̀gá wa tóbi jù ú lọ fíìfíì.

Ọ̀nà méjì ni àwa òṣìṣẹ́ pín sí. Àwa Yorùbá wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní àdúgbò Thamesmead nítòsí ibẹ̀. Àwọn tí ń sọ èdè Sípáníìṣì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ará Ẹkuadọ̀ àti Kòlóḿbíà tí wọ́n ti kọ́kọ́ lọ jẹun ní Sípéènì, tí iṣẹ́ gbẹ níbẹ̀, tí wọ́n sì kó ẹrù wọn wá sí ìlú òtútù. Àgbà tiwa ni obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ìyá ìjọ ni nínú ìjọ aláṣọ funfun tí èmi náà ń lọ. Àgbà tiwọn ni Sẹnyóra, ará Ẹkuadọ̀, obìnrin kúkúrú tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ó ń dúró lẹ́nu ẹ̀rọ tí ń lọ aṣọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò tó ogún, síbẹ̀ wọ́n a jọ jẹun nínú abọ́ kan ní àkókò ìsinmi, wọ́n a sì máa na ara wọn lẹ́jìká rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó jọ dàgbà ní agboolé kan.

Mọ́mì ló fà mí sínú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan tí alábòójútó wa ti fi Gẹ̀ẹ́sì wẹ Sẹnyóra tán, tí obìnrin náà sì dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé ó ṣeun, Mọ́mì wá bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ.

"Tíṣà," ó ní, "ìwọ tó o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn tó ni ín lọ, o ò wá lè help àwọn èèyàn yìí? Wọ́n ń bú wọn, wọ́n ń sọ thank you. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Kí lo fẹ́ rò? Saturday, lẹ́yìn choir practice. Mo ti bá Bàbá Ìjọ sọ̀rọ̀. Ìwọ ṣáà mú ṣọ́ọ̀kì wá."

Báyìí ni mo ṣe tún di olùkọ́. Òkè ilé ìkẹ́rù kan ni ìjọ wa ń lò, kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ wa. Bàtà kì í wọ inú ilé àdúrà wa, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án a bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n a sì wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ bí ẹni tí ń bọ̀ wá gba ìbùkún. Òórùn tùràrí a máa gbé wa láti ìgbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi parí. Èmi a dúró níwájú wọn nínú ẹ̀wù tí mo fi ayọ́ọ̀nù lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá rántí bí mo ti ń na ọrùn nígbà náà, mo máa ń fẹ́ bá ara mi wí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo sọ di òrìṣà nínú kíláàsì náà: lẹ́tà méjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń so mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe bí ohun náà bá ti kọjá, "e" àti "d". Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í rántí rẹ̀. Wọn a ní "Yesterday I work." Èmi a fi ìka gbá tábìlì, n ó sì pariwo, "Worked! E, D!" Gbogbo wọn a sì tẹ̀ lé mi bí ẹni tí ń dá orin. Mo mọ ibi tí ìfẹ́ mi sí lẹ́tà méjì náà ti wá. Nínú èdè tiwa, ọ̀rọ̀ ìṣe kì í pa aṣọ dà nítorí àná: àná mo ṣiṣẹ́, lójoojúmọ́ mo ń ṣiṣẹ́, "ṣiṣẹ́" náà kò yí padà. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pàṣán ni wọ́n fi kọ́ mi pé Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹgba kọ́ ènìyàn, ó lè gbàgbé ẹgba náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yóò máa wá ẹni tí yóò gbé e fún.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé wàhálà tí ó ju ti lẹ́tà méjì lọ wà nínú èdè. Èmi fúnra mi ti rí i. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní Lọ́ńdọ̀n, ìyá arúgbó kan yọ̀ ṣubú ní ibùdókọ̀ ní Woolwich, mo sì sáré sọ fún un pé "Sorry!" gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá yóò ti kí ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ pé pẹ̀lẹ́. Ó gbójú sókè láti ilẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lo tì mí ni?" Mo máa ń fi ìtàn yìí pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́rìn-ín. Mo ń kọ́ wọn pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wà lẹ́nu ènìyàn kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà nílé ìyá rẹ̀. N kò rò ó rárá pé àwọn náà ní ilé ìyá.

Àmì kan ṣáà fara hàn. Ọkùnrin ará Kòlóḿbíà kan wà láàárín wọn tí a ń pè ní Akọrin, nítorí pé kì í dákẹ́ orin lẹ́nu iṣẹ́, àní bí ariwo ẹ̀rọ bá bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Sátidé kan, ó wọlé pẹ̀lú áńkáṣíìfù ní imú, ó jókòó, ó sì sọ tìbànújẹ́tìbànújẹ́ pé, "Teacher, I am very constipated." Mọ́mì, tí ó ń ká aṣọ àdúrà lẹ́yìn wa, gbọ́ ọ.

"Yéè! Ìgbẹ́ ò wá? Sọ fún un kó má jẹ bread mọ́ o. Ìbẹ́pẹ ni. Mo ń mú un bọ̀ Monday."

Ó sì mú un wá ní Mọ́ńdè lóòótọ́, ìbẹ́pẹ ńlá tí ó rà ní Woolwich, ó sì dúró ti ọkùnrin náà títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ọ̀fìnkìn rẹ̀ kò lọ. Inú rẹ̀ ló ṣí, ó sì ń sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Sẹnyóra ló fi ọwọ́ júwe fún wa, tí ó ń nu omijé ẹ̀rín: imú ni, kì í ṣe ìdí! Ọ̀rọ̀ tí àwọn fi ń pe ọ̀fìnkìn ló jọ ti Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń pe àìlèyàgbẹ́. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo kọ ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ sára pátákó, mo sì padà sí ọ̀dọ̀ "e" àti "d". Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo rí alángbá kan tí inú ń run lọ́jọ́ náà, n kò béèrè nípa ìyókù.

Nísinsìnyí mo dé orí ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀.

Okùn pupa kan wà lókè ẹnu ẹ̀rọ tí ń lọ aṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fà á, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣáájú ìgbà òtútù ọdún náà, okùn yìí já nínú, níbi tí ó ti wọ ara ẹ̀rọ. Ẹnìkan fi èkísà aṣọ ìbùsùn so ó kọ́ kí ó má bàa máa fì lójú àlejò, ṣùgbọ́n kò fa ohunkóhun mọ́. Mo fi ojú ara mi rí èkísà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sẹnyóra mú alábòójútó lọ síbẹ̀, tí ó nàka sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi ni mo dúró tì í tí mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán gbọnrangandan ṣàlàyé. Alábòójútó ní àwọn yóò tún un ṣe. Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aṣọ kan rún lẹ́nu ẹ̀rọ. Akọrin na ọwọ́ láti tẹ́ ẹ dáadáa, ẹ̀rọ sì gbá etí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ mú. Orin rẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́, kí igbe tó dé. Sẹnyóra fo mọ́ okùn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó tún un fà, títí gbogbo rẹ̀ fi já wá sí i lọ́wọ́ tí ó sì ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo sáré dé ibi tí a ti ń pa iná mànàmáná lára ògiri. Nígbà tí ẹ̀rọ dúró, ìka méjì ti bàjẹ́. Mọ́mì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ra, ó ń ké pé, "Sorry! Sorry o! Jésù, sorry!" títí ọkọ̀ aláìsàn fi dé.

Ní òwúrọ̀ kejì, okùn pupa tuntun wà lára ẹ̀rọ. Ó ń dán.

Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Sẹnyóra kọ tirẹ̀ nílé, ó sì mú un wá bá mi ní Sátidé. Ìsìn àdúrà kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ń yára. Ó ti kọ ọ́ pé: "I pretend to stop the machine with the red rope. I pretend two times. The rope is broke." Mo yọ bíírò pupa mi. Ojú mi ń wá "e" àti "d" bí ajá ti ń wá egungun, ó sì rí ibi méjì tí wọn kò sí. Mo fi wọ́n kún un. Mo tún "is broke" ṣe sí "was broken". Mo fi àmì tí ó dára sí ìsàlẹ̀. Mo ní kí ó dà á kọ sórí ìwé mìíràn, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó ní àmì pupa náà ni iyì ìwé náà, kí wọ́n lè rí i pé òun ní olùkọ́.

Ẹni tí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ohun tí mo ṣe. "Pretend" ni kí ènìyàn díbọ́n, kí ó ṣe bí ẹni tí ń ṣe nǹkan, kí ó má sì ṣe é. Nínú èdè Sípáníìṣì, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kí ènìyàn gbìyànjú, kí ó pinnu láti ṣe nǹkan. Obìnrin náà kọ ọ́ pé òun gbìyànjú láti dá ẹ̀rọ dúró. Èmi ni mo fi bíírò pupa lù ú ní òǹtẹ̀ pé ó díbọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè é sí yàrá kékeré tí ó wà lókè. Òfin gbà kí òṣìṣẹ́ mú ẹlẹgbẹ́ kan dání, ó sì mú mi. Máníjà jókòó, obìnrin kan láti ọ́fíìsì jókòó tì í, ó ń kọ gbogbo ohun tí a bá sọ sílẹ̀. Sẹnyóra ti wọ aṣọ tí ó ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé a wá jẹ́rìí ni. N kò mọ̀ pé ẹjọ́ rẹ̀ ni.

Máníjà gbé ìwé náà sókè. "Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Yes, sir."

"O ní, 'I pretended to stop the machine.' Ṣé òótọ́ ni?"

Ojú rẹ̀ tàn, nítorí pé wọ́n béèrè ohun tí ó mọ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i, ibi tí okùn ya kò tíì san. "Yes! I pretended! I pretended very much, sir. With two hands!"

Ó sọ "e" àti "d" náà ketekete, gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ. Obìnrin ọ́fíìsì gbójú sókè kúrò lórí ìwé. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ẹni tí ń díbọ́n kì í fà títí àtẹ́lẹwọ́ yóò fi ya.

Mo dìde. Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ṣì í lọ́nà, ohun tí ó fẹ́ sọ ni pé òun gbìyànjú. Mo ní okùn náà ti já tipẹ́, mo rí i, èmi gan-an ni mo gbẹnu sọ fún un níwájú alábòójútó. Máníjà gbọ́ mi tán. Ó fi ìka tọ́ pupa tí ó wà lára ìwé náà.

"Ta ló fi bíírò pupa kọ èyí?"

"Èmi ni, sir."

"Ìwọ tí o sọ fún wa nígbà tí a gbà ọ́ síṣẹ́ pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ka gbólóhùn yìí, ó tún un ṣe, ó sì ní ó dára. Àbí ìwọ náà ń díbọ́n ni?"

Mo ní, "Sir, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ìyá kan tó jẹ́ Yorùbá ń ké pé 'sorry'. Ṣé òun ló ti ọwọ́ ọkùnrin náà bọ ẹ̀rọ ni? Báyìí ni àwa àjèjì ṣe ń—"

"A ti kọ ìyẹn náà sílẹ̀," ó ní.

Ní báyìí, Sẹnyóra ti ń wo ẹnu wa láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ó fọwọ́ kàn mí ní apá. "Teacher," ó ní, "what is pretended?"

Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ kankan tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. N kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ọwọ́ mi nìkan ni mo ní. Mo gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ó di okùn mú, mo jẹ́ kí ìka mi rọ̀, n kò fà á, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí aláìbìkítà. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo ẹ̀rín náà. Ó bojú wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ máníjà pẹ̀lú àmì pupa tí ó fi ń yangàn.

"No," ó ní. "No, no, no."

Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò sa ipá láti dá ẹ̀rọ dúró. Akọrin wá láti ilé pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n dì bí ìṣù owú, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ní òun rí i pé Sẹnyóra fà á. Wọ́n ní ìrora kò jẹ́ kí ó rí nǹkan dáadáa. Nípa okùn, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lọ wò ó: okùn náà wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo kọ̀wé sí ibi tí ó yẹ àti ibi tí kò yẹ. Àwọn tí wọ́n fèsì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo kọ̀wé. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọdún tó parí.

N kò gbà títí di òní pé wọn kò mọ ohun tí obìnrin náà fẹ́ sọ. Àwọn tí wọ́n rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ẹni tí ó fi okùn tuntun síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì mọ̀. Wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbé ẹ̀bi sí, wọ́n sì rí i nínú gírámà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ a máa fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ta ni ó jẹ́ kí ẹyin náà bọ́ nítorí àìmọ̀, ta sì ni ó dúró sísàlẹ̀ tí ó rí i tí ó sì kọ̀ láti gbà á.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, n kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò wá sí kíláàsì. Sẹnyóra ló kọ́kọ́ dé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sí ibi tí ó máa ń jókòó. Mọ́mì gbé àga tirẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo wọn. N kò lo "sorry". Mo dọ̀bálẹ̀. Àwọn ará Kòlóḿbíà dìde dúró nítorí ẹ̀rù, Sẹnyóra sì bẹ Mọ́mì pé kí ó jọ̀wọ́ gbé mi dìde.

Mọ́mì ní, "Fi í sílẹ̀. He knows what he's doing." Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra sọ sí mi létí pé, "Ó tó, Tíṣà. Dìde kó o kọ́ wọn ní èyí tó kù."

Odidi ọ̀sán náà ni a fi ń wá àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípáníìṣì tí wọ́n jọ ara wọn tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Àwọn ń pè wọ́n, èmi ń kọ wọ́n sára pátákó, pátákó sì kún. Èmi ni mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a fẹ́ túká, Sẹnyóra fa ewé kan ya nínú ìwé rẹ̀, ó kọ gbólóhùn kan, ó sì nà án sí mi pẹ̀lú bíírò pupa mi tí ó gbà lórí tábìlì. "Correct," ó ní.

Mo kà á. Mo tún un kà. N kò rí ohunkóhun tí mo lè fi kún un.

Ó padà sí Sípéènì ṣáájú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ilé ìfọṣọ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo máa ń rí òrùlé rẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì ní Thamesmead, ṣùgbọ́n n kò ní bíírò pupa mọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé wá, ohun tí ó fẹ́ sọ ni mo kọ́kọ́ ń bi í, n ó sì ní kí ó fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún mi. Ewé tí Sẹnyóra fà ya wà nínú Bíbélì mi. Wọn kò gba ọ̀rọ̀ náà wọlé nínú yàrá òkè níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti gbà á, nítorí náà mo gbé e síhìn-ín kí gbogbo ènìyàn lè kà á, gẹ́gẹ́ bí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, láìsí àmì kankan láti ọwọ́ mi:

"I tried to stop the machine."